Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olórí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ọnà ní Yunifásítì Wa: Lórí Bisi Silva àti Àwọn Obìnrin Tí Ìlànà Ẹ̀kọ́ Yín Fò Dá

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yorùbá, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wọ̀ yín lọ́rùn, nítorí náà n ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìpinnu kan tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka kan láàárín yín ṣe ní sáà ẹ̀kọ́ tó kọjá ló mú mi kọ̀wé. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí mo ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, mo sì rí i pé bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ tiwọn ni ọ̀rọ̀ náà dé, ohun kan náà ni wọn ì bá ṣe. Ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó ti di akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì báyìí, gbé àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀. Ó fẹ́ ṣèwádìí lórí bí Bisi Silva ṣe fi iṣẹ́ kúrétọ̀, iṣẹ́ yíyan iṣẹ́ ọnà àti títò ó síwájú òǹwòran, la ọ̀nà fún àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà ní Èkó, láti 2007 títí di 2019 tí ó jáde láyé. Wọ́n dá àkòrí náà padà. Èsì tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí etí ìwé rẹ̀ ni pé ẹni yìí kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà, kò ya àwòrán, kò gbẹ́ ère, kí ó lọ wá oníṣẹ́ ọnà gidi. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà ni wọ́n kọ orúkọ mẹ́fà sí, kí ó yàn nínú wọn. Ọkùnrin ni àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú yín wí pé àkòrí tí a dá padà kì í ṣe ohun tuntun. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà kò mọ ohun tí ó fẹ́ kọ ni, n kò ní wí nǹkan kan. Ìdí tí wọ́n fi dá a padà ni mo ń bá jà, nítorí pé ìdí yẹn ló wà lábẹ́ gbogbo bí a ṣe ń kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà nílẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí wọ́n ní kò yẹ ní kíkọ nípa rẹ̀. Ní 1962 ni wọ́n bí Bisi Silva ní Èkó. Ní 1996 ó gboyè kejì ní Royal College of Art ní Lọ́ńdọ̀nù nínú iṣẹ́ kúrétọ̀, ìyẹn iṣẹ́ ẹni tí ó ń ṣèwádìí iṣẹ́ ọnà, tí ó ń yàn án, tí ó ń tò ó síwájú òǹwòran, tí ó sì ń kọ ohun tí ìran tó ń bọ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Ó ti wà lára àwọn kúrétọ̀ àfihàn iṣẹ́ ọnà Dak'Art ní Dakar ní 2006 kí ó tó dá Centre for Contemporary Art, tí gbogbo wa ń pè ní CCA, sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2007. McEwen Street ní Sábó, Yábàá, ni ilé náà wà, kò sì jìnnà sí ọgbà Yunifásítì Èkó. Kì í ṣe ìjọba ló gbé e kalẹ̀, kì í sì í ṣe gálárì tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa ta àwòrán. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ máa wo ògiri, ṣùgbọ́n ilé ìkàwé rẹ̀ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ wa máa padà lọ: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé lórí iṣẹ́ ọnà òde òní, lórí fọ́tò, lórí Áfíríkà. Mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín níbẹ̀ rí, tí ọ̀kan ń ṣí ojú ìwé, tí èkejì ń fi fóònù yà á lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé kò sí ibòmíràn tí ọwọ́ wọn ti lè tó ìwé náà. Bí ẹ bá ń béèrè ohun tí obìnrin yìí fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ilé ìkàwé yẹn mọ́ ọn.

2. Ìdí tí wọ́n fún ọmọ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀ka yìí kan náà ti fọwọ́ sí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí Okwui Enwezor, kúrétọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Mo ti rí ìwé náà, wọ́n fi èèpo líle dì í, ó wà nínú àká ìwé wọn. N kò bá ìyẹn jà. Enwezor ló darí Documenta, àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Kassel, ní ilẹ̀ Jámánì, ní 2002, òun náà ló darí Biennale Venice, àfihàn ńlá ọdún méjì-méjì ní Ítálì, ní 2015, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lé lọ́wọ́. Ó tọ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Enwezor náà kò gbẹ́ ère. Ẹ̀kọ́ ìṣèlú ló kà ní yunifásítì, ewì ló sì ń kọ kí ó tó di kúrétọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni òun àti Silva ṣe, oṣù kan ó lé ọjọ́ díẹ̀ ló sì wà láàárín ikú wọn: Silva lọ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì 2019, Enwezor lọ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún náà. Ọ̀kan di ẹni ìtàn lójú ìgbìmọ̀ yín, èkejì di ẹni tí kò gbẹ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ẹnì kan nínú yín ṣàlàyé ohun tó fa ìyàtọ̀ náà, bí kì í bá ṣe pé ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin, tí èkejì sì jẹ́ obìnrin tí ó tún ń jà fún iṣẹ́ àwọn obìnrin.

3. Ẹ wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní 2008, kété lẹ́yìn tí CCA ṣílẹ̀kùn, Silva gbé àfihàn kan kalẹ̀ fún obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan, Ndidi Dike, lórí òwò ẹrú, tí wọ́n pè ní Waka-into-Bondage. Igi àti irin wà lára ohun tí Dike fi ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti máa ń sọ fún ọmọbìnrin pé kí ó lọ mú aṣọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀. Ní 2009 ni Like a Virgin tẹ̀ lé e, àfihàn oníṣẹ́ ọnà méjì: Lucy Azubuike, ọmọ Nàìjíríà, àti Zanele Muholi, ọmọ South Africa. Azubuike gbé ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù wá sójú táyé, ohun tí àwọn ìyá wa máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ. Muholi gbé fọ́tò àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n fẹ́ràn obìnrin ẹgbẹ́ wọn wá. Ẹ rántí irú ìlú tí a wà. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Nàìjíríà ṣe òfin tí ó ń fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá halẹ̀ mọ́ obìnrin tí ó bá fẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin tí ó bá fẹ́ ọkùnrin. Silva mọ ìlú tí ó ń gbé. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà síbẹ̀, ó jẹ́ kí ẹni tí ó fẹ́ wọlé wọlé, kí ẹni tí ó fẹ́ bínú bínú. Olùkọ́ tí ó bá kórìíra àfihàn náà lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìdí tí ó fi kórìíra rẹ̀. Ohun tí òpìtàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kí ó ṣe bí ẹni pé kò wáyé.

Kì í ṣe obìnrin nìkan ló bá ṣiṣẹ́. Òun ló gbé àwọn fọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere lọ sí ilé àfihàn Kiasma ní Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, ní 2011, òun náà ló sì rí i pé ìwé ńlá lórí iṣẹ́ bàbá náà jáde láti CCA ní 2014. Láti 1968 ni Ojeikere ti ń ya irun dídì àwọn obìnrin wa, tí irun Onílé Gogoro dúró ṣánṣán nínú fọ́tò bí ère. (Àwọn onídìrí náà kì í kúrò lọ́kàn mi. Orúkọ ayafọ́tò wà lábẹ́ àwòrán, orúkọ irun wà níbẹ̀, orúkọ ẹni tí ó fi ìka rẹ̀ dì í kò sí. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mìíràn nìyẹn, bí ẹ bá lè fọwọ́ sí i.)

Lẹ́yìn odi, wọn kò béèrè bóyá ó gbẹ́ ère. Ní 2009 ó wà lára àwọn kúrétọ̀ Biennale Thessaloniki ní Gíríìsì. Ní 2013 wọ́n fi í sí ìgbìmọ̀ adájọ́ Biennale Venice, ìgbìmọ̀ tí ó fún Àǹgólà ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà fún ibùdó orílẹ̀-èdè tó dára jù lọ, nígbà àkọ́kọ́ tí Àǹgólà máa kópa níbẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó ṣe olóòtú àlejò fún ẹ̀dà kan nínú n.paradoxa, ìwé ìwádìí lórí iṣẹ́ ọnà àwọn obìnrin, ẹ̀dà tí ó dá lórí Áfíríkà àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà káàkiri àgbáyé. Ní 2015, nígbà tí àfihàn fọ́tò Bamako, tí ogun àti rògbòdìyàn Mali mú kí wọ́n pa tì ní 2013, fẹ́ tún gbérí, òun ni wọ́n pè láti darí rẹ̀.

Èyí tí ó yẹ kí ó kàn yín jù lọ ni Àsìkò. Ní 2010 ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó: ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ọgbà, tí kì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí, tí ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ọnà àti kúrétọ̀ jọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti jókòó, ka ìwé, jiyàn, kí wọ́n sì tú iṣẹ́ ara wọn palẹ̀. Lẹ́yìn Èkó ó gbé e lọ sí Accra, Dakar, Maputo àti Addis Ababa. Kò fi ìdí tí ó fi dá a sílẹ̀ pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni: ìlànà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ti iṣẹ́ kúrétọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga Áfíríkà ti di ti àtijọ́, tàbí kò tilẹ̀ sí rárá. Ẹ̀yin ló ń bá wí. Bóyá ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ kò fi rọ̀ yín lẹ́nu.

4. Mo ti rí ìlànà ẹ̀kọ́ tí ẹ̀ka náà fi ń kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Aina Onabolu, ó kọjá sọ́dọ̀ Ben Enwonwu, ó jókòó pẹ́ ní Zaria lọ́dọ̀ Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo, lẹ́yìn náà ó wá sọ̀kalẹ̀ sí Òṣogbo. Obìnrin kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. N kò bu Àdùnní Olórìṣà kù. Ohun tó ṣe sí igbó Ọ̀ṣun ń bẹ níbẹ̀ fún gbogbo ojú láti rí. Ṣùgbọ́n ọmọ Austria ni. Ẹ̀kọ́ odindi sáà kan lórí iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà, kò sì sí obìnrin kan tí a bí ní Nàìjíríà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró ní Zaria díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ fẹ́ràn jù. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyẹn, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Zaria, dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1958, Clara Etso Ugbodaga-Ngu ti wà lára àwọn olùkọ́ ibẹ̀ láti 1955. Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń kọ́ni ní Zaria nígbà tí òyìnbó ló kún ibẹ̀. Báwo ni a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìtàn kíláàsì kan, tí a ó ka orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ó sì fo olùkọ́ tí ó dúró níwájú wọn dá? Ọdún 1958 yìí náà ni Afi Ekong ṣe àfihàn tirẹ̀ nìkan ní Èkó, èyí tí wọ́n kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọwọ́ obìnrin ní ìlú náà. Ó tún ṣí gálárì, ó sì ń ṣe ètò lórí tẹlifíṣọ̀n láti kọ́ aráàlú ní iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyá iṣẹ́ tí Silva wá ṣe, ọ̀dọ̀ Ekong ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ti Ladi Kwali, amọ̀kòkò, àwòrán òun àti ìkòkò rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà tí gbogbo wa ń ná. Mo bi ọmọ mi yìí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ẹni tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní ìyá kan tó ń mọ ìkòkò ni. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ni wọ́n o, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó.

5. Mo ti gbọ́ àwíjàre tí ó máa ń tẹ̀ lé e, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin nínú iṣẹ́ ọnà jẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó tí a kó wọ̀lú. Lóòótọ́, Linda Nochlin, òpìtàn iṣẹ́ ọnà ní Amẹ́ríkà, ló béèrè ní 1971 ìdí tí kò fi sí obìnrin nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní àgbà oníṣẹ́ ọnà, tí ó sì dáhùn pé kì í ṣe ẹ̀bùn ni wọn kò ní, bí kò ṣe pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Fún àpẹẹrẹ, wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọ yàrá tí wọ́n ti ń ya ìhòòhò ènìyàn, bẹ́ẹ̀ láìsí ìyẹn, kò sí bí ènìyàn ṣe lè ya àwòrán ńlá tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ní 1976, òun àti Ann Sutherland Harris kó iṣẹ́ irinwó ọdún láti ọwọ́ àwọn obìnrin jọ ní Los Angeles láti fi hàn pé iṣẹ́ náà wà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ṣáájú ìbéèrè Nochlin, ní 1965, Colette Omogbai, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jáde ní Zaria, ti kọ àròkọ sínú Nigeria Magazine, tí ó ń na àwọn tí wọn kò fẹ́ rí nǹkan mìíràn nínú àwòrán ju ohun tó dùn tí ó sì hàn kedere lọ. Ó ti ṣe àfihàn ní Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà ní Ìbàdàn, ní 1963. Ìbàdàn, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kì í ṣe Los Angeles. Ta ló kó o wọ̀lú?

Bí a bá sì fẹ́ lọ sẹ́yìn ju ìyẹn lọ, ilé ló kún jù. Nínú àwọn agbẹ́gilére, a mọ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, a mọ Bámgbóyè, a mọ ìdílé Fákẹ́yẹ, ọ̀tọ̀ ni ọ̀bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lójú yín, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Abátàn, amọ̀kòkò Òkè-Ọ̀dàn tí ń mọ ìkòkò òrìṣà Ẹ̀yìnlẹ̀, ńkọ́? Robert Farris Thompson, ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ odindi iṣẹ́ nípa rẹ̀ láti 1969. Àwọn aládìrẹ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ya òpó Mápó sára aṣọ Ìbàdàndùn ńkọ́? Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí mo rí, ère àwọn ọkùnrin wà lábẹ́ iṣẹ́ ọnà; àdìrẹ àti ìkòkò wà lábẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọn kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

6. Ẹ má ṣe dá NUC, àjọ tí ó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì nílẹ̀ yìí, lẹ́bi. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS, ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ náà là sílẹ̀, wọ́n sì fi ọgbọ̀n tó kù lé yunifásítì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ láti fi sí ohun tí ó bá wù ú. Ìdá ọgbọ̀n yẹn ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọwọ́ yín ló wà.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò ṣòro:

Kí ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ kàn tún àkòrí ọmọ náà gbé yẹ̀ wò lórí ohun tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì pa ìdí pé kò gbẹ́ ère tì. Bí wọn kò bá ní olùkọ́ tí ó lè bójú tó o, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè yá wọn ní ẹnì kan.

Kí gbogbo yín, ṣáájú sáà tó ń bọ̀, fi Ugbodaga-Ngu, Ekong, Kwali, Omogbai àti Dike sínú ẹ̀kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà fúnra rẹ̀. N kò fẹ́ kí ẹ lọ ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ ní ìparí sáà tí ẹ ó pè ní ti àwọn obìnrin, tí olùkọ́ yóò sì fò dá bí ìyanṣẹ́lódì bá ti jẹ àkókò.

Kí iṣẹ́ kúrétọ̀ di ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ pẹ̀lú ìdánwò, kí ìtàn CCA àti Àsìkò sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kọjá lábẹ́ ọwọ́ Silva ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó àti káàkiri Áfíríkà. Ẹ pè wọ́n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sọ̀rọ̀ nígbà tí ohun tí wọ́n rí kò tíì di ìtàn àgbọ́sọ.

Kí ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá aládìrẹ, amọ̀kòkò àti onídìrí tí wọ́n ṣì wà láàyè ní ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ yín wà, láti gba ohùn wọn sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àti oríkì wọn àti orúkọ ẹni tí ó kọ́ wọn níṣẹ́. Èyí kò ná ju owó ọkọ̀ àti fóònù tí wọ́n ti ní lọ́wọ́.

Mo ń retí èsì yín. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ kọ ìdí rẹ̀ síta níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yín ti lè kà á, kí ó má jẹ́ pẹ́ńsù ni ẹ ó fi kọ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama, Ìbàdàn.